Búrẹ́dì Yìí Dínwó, Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Gbà Á?

Ẹ Bi Mí Léèrè

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yọ jáde lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé: bí èèyàn bá ń ta oúnjẹ lábẹ́ orúkọ olórúkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní fíráńṣáìsì, ta ló ń sọ ibi tó ti máa rajà? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú-ewé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọdún 9 ni mo fi ṣe ilé oúnjẹ lábẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo tà á, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ni orúkọ tirẹ̀ gbà mí sí ẹ̀ka tó ń rajà, mo sì lo ọdún 6 níbẹ̀. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rí, pé kí wọ́n gba olùpèsè tuntun, ìyẹn ẹni tó ń ta ọjà fún ilé oúnjẹ, wọ́n sì ti kọ irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Nínú méjèèjì, kéèyàn jókòó kọ ìwé náà ló le jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ilé oúnjẹ méjì ni mo ní lábẹ́ orúkọ kan, ọdún kẹta rèé. Ẹni tí wọ́n ní ká máa ra búrẹ́dì róbótó lọ́wọ́ rẹ̀ ti fowó lé e lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Mo wá rí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú rẹ̀, owó tiẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, ìlà kan péré ni wọ́n fi fèsì: “Kò sí lára àwọn tí a fọwọ́ sí.” Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń lo orúkọ yìí ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ìta lòun ti ń ra tòun, òun á sì kó o sínú páálí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni, Ẹni Tí Búrẹ́dì Ń Jẹ.

ÌDÁHÙN: Ẹni tí búrẹ́dì ń jẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló léwu jù. Ó rò pé páálí ló ń tú àṣírí. Ìṣirò ló ń tú u.

Nígbà tí mo wà lẹ́ka ìrajà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ pín ọjà fún wa máa ń kọ iye páálí tí ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbà ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù. Ẹ̀rọ ìgbowó ilé oúnjẹ náà ń fi iye oúnjẹ tí wọ́n tà ránṣẹ́, nítorí ara iye yẹn la ti ń yọ owó orúkọ, ìyẹn owó tí wọ́n ń san torí pé wọ́n ń lo orúkọ wa. Lóṣù kan, ilé oúnjẹ kan ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran tó lé ní 4,000, búrẹ́dì tó gbà lọ́wọ́ olùpèsè wa ò sì tó 2,500. Ọ̀gá tó jókòó tì mí wo ìwé náà títí, ó ní, “Àfi tó bá jẹ́ pé búrẹ́dì wọn ń bímọ.” Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn olùbẹ̀wò ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Páálí àtijọ́ wà nílẹ̀ lóòótọ́, búrẹ́dì inú rẹ̀ dára lójú, kò sì sí ẹni tó tọ́ ọ wò. Rìsíìtì ni wọ́n béèrè.

Nínú àdéhùn tí mo ti kà, ọjà tí wọn ò fọwọ́ sí jẹ́ rírú àdéhùn. Wọ́n á kọ̀wé ìkìlọ̀, wọ́n á fún yín ní iye ọjọ́ tí ẹ ó fi tún un ṣe, bó bá sì tún ṣẹlẹ̀, wọ́n lè gba orúkọ wọn padà lọ́wọ́ yín. Ilé yín á ku ilé lásán. Ẹ tún fi kún un pé bí oníbàárà kan bá ṣàìsàn lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì àjíkórà yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dúró ṣẹjọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò pàápàá lè ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́fà owó búrẹ́dì ò tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sùn pẹ̀lú ọkàn àìbalẹ̀.

Ó ti tó lórí ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́tà tí ẹ kọ. Ẹ ò fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fura pé iye owó ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, iye owó ló sì wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Mo mọ̀, torí bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ìdérí ife ni mo fẹ́ kí wọ́n gbà fún mi, èyí tí wọ́n ń dé mọ́ ife oníbébà. Mo kọ ojú-ewé kan, mo fi ìwé iye owó há a. Oṣù méjì kọjá, ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pè mí wá sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Ó bu omi gbígbóná sínú ife, ó dé e, ó gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ó wá gbé ife náà, ó dà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbé e sínú ọkọ̀. Ìdérí tèmi yọ. Omi dà sórí tábìlì, ó ṣàn débi ìwé iye owó mi. Kò bá mi wí. Ó kàn na aṣọ ìnuwọ́ sí mi. Ojú tì mí ju kó bá mi wí lọ, torí mo ní omi gbígbóná nílé, mo ní ife nílé, mi ò sì dán an wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún kọ ohunkóhun, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ olùpèsè. Bó bá jẹ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fún yín lórúkọ náà, ìwé mìíràn tún wà tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ yín ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan tàbí kí ẹ tó sanwó. Òfin àjọ FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìṣòwò, ló fi dandan lé e. Òfin náà ti ń ṣiṣẹ́ láti 1979, wọ́n sì tún un ṣe ní 2007. Orí 23 ló wà nínú ìwé náà, orí kẹjọ sì ni tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ àwọn ọjà tí wọ́n de yín mọ́, bóyá àwọn fúnra wọn ló ń tà á, bóyá ọ̀gá kan láàárín wọn ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, àti ìdá mélòó nínú gbogbo ohun tí ẹ ń rà ló wà lábẹ́ ìdè yìí. Wọ́n á sọ bóyá wọ́n máa ń gba olùpèsè mìíràn láyè, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò náà, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi fèsì, àti bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ padà. Wọ́n á tún sọ owó tí àwọn náà ń rí lórí ọjà tí ẹ ń rà. Ẹ fàlà sídìí èyí, a óò padà síbẹ̀.

Kí a má tan ara wa o. Òfin yẹn ní kí wọ́n sọ ọ́; kò ní kí wọ́n gbà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé àwọn kì í gba olùpèsè mìíràn, wọ́n ti ṣe tiwọn.

Àwọn kan a máa sọ fún mi pé kóòtù ló kù. Wọ́n ti gbọ́ nípa ẹjọ́ Chicken Delight ti 1971. Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í gba owó orúkọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ní kí àwọn tó ń lo orúkọ rẹ̀ máa ra ìkòkò ìdáná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín nǹkan, páálí àti èròjà lọ́dọ̀ òun nìkan, ní iye tó ju ti àwọn tó kù lọ. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà ní orúkọ lọ́tọ̀, páálí lọ́tọ̀, kò tọ́ kí wọ́n so èkíní mọ́ èkejì. Inú onílé oúnjẹ dùn. Ṣùgbọ́n ní 1997, àwọn tó ń lo orúkọ Domino's, ilé-iṣẹ́ tó ń ta písà, gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹjọ́ Queen City Pizza, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn mìíràn sì ní ìdè tí wọ́n rí nínú àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni, òfin tó ń dènà ìjẹgàba lórí ọjà ò lè gbà wọ́n. Ní Yúróòpù, ẹjọ́ Pronuptia ti 1986 ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n sì ń jà lé lórí níbẹ̀: kóòtù gbà pé olórúkọ lè ní kí ẹ rajà lọ́wọ́ ẹni tí òun yàn nìkan bí orúkọ rẹ̀ ò bá ní ṣe é dáàbò bò lọ́nà mìíràn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dí yín lọ́wọ́ láti ra ọjà kan náà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín tó ń lo orúkọ yẹn. Lọ́yà yín ló máa sọ èyí tó bá tiyín mu. Tèmi ni pé kí ẹjọ́ tó parí, búrẹ́dì á ti bu.

Ẹ wá wo irú ọjà tí búrẹ́dì jẹ́. Lójú ẹni tó ni orúkọ, àwọn ọjà kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: èròjà àṣírí tó ń mú adìẹ rẹ̀ dá yàtọ̀, àti ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí kò kan ẹnikẹ́ni, bí ọṣẹ ìfọlẹ̀, àpò ìdalẹ̀nù, ṣúgà. Wọ́n lè gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Búrẹ́dì wà láàárín. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹnu oníbàárà kọ́kọ́ bà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun rí, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi àpò ìdalẹ̀nù kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti gbà fún yín, wọ́n á mọ̀ yín sí ẹni tó ń kó ìwé rẹ̀ pé.

Fún búrẹ́dì, ẹ béèrè ìwé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí olùpèsè tuntun náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Kó fọwọ́ sí i. Ẹ̀ ń wo ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, bí wọ́n ṣe là á, iye ọjọ́ tó lè lò kó tó bu. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń gbé búrẹ́dì tuntun ṣubú jù lọ kì í sí lójú: ṣúgà inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yan búrẹ́dì ti ní iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n yàn fún un. Bí ṣúgà búrẹ́dì tuntun bá fi díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, á ti dúdú kí àkókò yẹn tó pé, àwọn ọmọ tó ń dáná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ náà bó ṣe wù wọ́n. Bó bá fi díẹ̀ ga jù, á há sínú ẹ̀rọ. Mo ti rí búrẹ́dì tó dùn gan-an tó jẹ́ pé ìdí tí a kò fi gbà á ni pé kò lè gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n fi pò ó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ti àtijọ́ ò bá ní mílíìkì, ẹyin tàbí ẹ̀wà sóyà, tí ti tuntun sì ní in, ohun tí wọ́n kọ sára pátákó oúnjẹ fún àwọn tí ara wọn kì í gba nǹkan wọ̀nyẹn ti di irọ́ nìyẹn. Yànmọ̀tí tí wọ́n ń wọ́n sórí búrẹ́dì pàápàá, láti January 2023 ló ti wà lára àwọn ohun 9 tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ sára oúnjẹ fún ìdí yìí. Àtúnkọ pátákó yẹn nìkan lè jẹ gbogbo èrè tí ẹ ń sá tẹ̀ lé.

Ní ti ìtọ́wò, ẹ má ṣe bi ìyàwó, ọkọ tàbí máníjà yín bóyá ó dùn. Àwo mẹ́ta ni kí ẹ gbé síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀kẹta yàtọ̀, kó má sì mọ èwo ni èwo. Ẹ ní kó yọ èyí tó dá yàtọ̀. Bí èèyàn 30 bá ń fojú inú sọ ọ́ lásán, nǹkan bí 10 á ṣèèṣì gbà á. Bó bá tó 15 tó gbà á, ìyàtọ̀ wà, ẹ sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àkókò tí ẹ ti pa ilé dé ni kí ẹ ṣe é, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ sì kọ̀wé sọ fún ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ṣe é. Búrẹ́dì yẹn ò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà kankan.

Ó wá ku olùpèsè fúnra rẹ̀, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní 1993, ní Amẹ́ríkà, ẹran lílọ̀ tí kòkòrò E. coli wà nínú rẹ̀, tí wọn ò sì sè jinná, dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ilé oúnjẹ Jack in the Box. Ó lé ní 700 èèyàn tó ṣàìsàn, ọmọ 4 sì kú. Wọ́n ra ẹran náà ni o, kì í ṣe àwọn ló pa màlúù. Ẹ bi ẹni tó bá rántí: ta ló ta ẹran náà? Orúkọ tó wà lára ilé oúnjẹ ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka lẹ́tà yín kò fi ka iye owó. Ó ń wo ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ó sì ń wá nínú ìwé yín ohun tóun fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi í sínú ìwé fún un. Ẹ bi olùpèsè bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dá dúró, irú bíi BRCGS, SQF tàbí FSSC 22000, kí ẹ sì ka ìjábọ̀ àyẹ̀wò náà gan-an, ẹ má kàn wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n so mọ́ ògiri. Ẹ gba ètò HACCP rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ ibi tí ewu ti lè wọ inú oúnjẹ àti bí òun ṣe ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ gba èsì yàrá àyẹ̀wò lórí ọjà tó ṣe láìpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò bí a ṣe máa ń dán wọn wò: ẹ mú nọ́ńbà kan lára páálí búrẹ́dì tó ti tà ní oṣù tó kọjá, ẹ ní kó sọ ìyẹ̀fun tó fi ṣe é àti gbogbo ibi tó tà á sí. Wákàtí 4 ni BRCGS fún ilé-iṣẹ́ láti tọpasẹ̀ ọjà tán. Olùpèsè kan wà tó dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 50, látorí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òmíràn ní kí n fún òun di ọjọ́ Monday. Mi ò tún wo búrẹ́dì ìyẹn mọ́. Ìwé adójútòfò rẹ̀ náà ńkọ́, ṣé ó lè kọ orúkọ olórúkọ àti orúkọ tiyín sínú rẹ̀? Èyí ni kì í jẹ́ kí àwọn tó kéré lè wọlé.

Ẹ ò sì lè dá a ṣe. Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ máa ṣe láti yẹ olùpèsè kan wò fún ilé oúnjẹ méjì, òun náà ni wọ́n máa ṣe fún 200. Bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá, èmi gan-an a máa tì í sísàlẹ̀. Bó bá ti ọ̀dọ̀ èèyàn 11 wá, ọ̀gá á ti béèrè rẹ̀ kí n tó kà á tán. Ẹ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Àwọn tó ń lo orúkọ Burger King ní Amẹ́ríkà ti ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀rà tiwọn láti 1991, ti Subway bẹ̀rẹ̀ ní 1996; ẹgbẹ́ ló ń dúnàádúrà fún wọn. Ẹ̀yin ò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tí èèyàn 11 fọwọ́ sí kò náni lówó. Kí ẹ sì bi olùpèsè náà bóyá ó lè ṣe tó gbogbo yín, torí ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Ẹ tún iye owó rẹ̀ ṣírò títí dé ẹnu ọ̀nà yín. Búrẹ́dì àtijọ́ ń bá ọkọ̀ tó ń kó gbogbo nǹkan yòókù wá ni. Bí ti tuntun bá máa dá ọkọ̀ tirẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ta ló ń sanwó epo, ta ló máa jí gbà á lówùúrọ̀? Ọ̀rọ̀ gbígbé ọjà yìí ti dójú ti àwọn tó jù wá lọ. Ní February 2018, KFC ní Ìlú Ọba pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pín adìẹ fún wọn, adìẹ kò dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé oúnjẹ sì tilẹ̀kùn. Adìẹ wà, àwọn tó ń tà á wà, ọ̀nà tó máa gbà dé ló dàrú.

Ó wá kan ibi tí mo ní kí ẹ fàlà sí. Ọ̀pọ̀ olùpèsè tí wọ́n ti fọwọ́ sí máa ń dá owó díẹ̀ padà fún olórúkọ lórí páálí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà. Kò lòdì sófin bí wọ́n bá ti sọ ọ́ jáde, àwọn kan sì ń fi owó yẹn ṣe ìpolówó fún gbogbo yín. Àmọ́ bó bá wà, búrẹ́dì yín tó dínwó yẹn ń dín nǹkan mìíràn kù níbòmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Mo ti jókòó sí ìpàdé tí a ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n fún wákàtí kan gbáko, gbogbo wa la sì mọ ohun tí à ń sọ. Bí ìwé orí kẹjọ bá fi hàn pé owó náà wà, ẹ bi wọ́n tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, lórí ìwé: ṣé olùpèsè tuntun náà máa san irú rẹ̀? Bó bá san án, ṣé owó rẹ̀ á ṣì dín? Ẹ ṣírò tiyín pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdá kan nínú ogún ló máa ṣẹ́ kù, kó má tó wàhálà náà.

Níkẹyìn lórí èyí, ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ gba ìwé pé wọ́n rí i gbà, ẹ sì wo àdéhùn yín bóyá dídákẹ́ wọn túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú èyí tó pọ̀ jù tí mo ti rí, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Kí n sì sọ bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe parí fún yín, torí ọdún kẹta lẹ́yìn ìdérí ife, mo tún gbìyànjú pẹ̀lú páálí oúnjẹ. Lọ́tẹ̀ yìí ìwé mi pé, ẹlẹgbẹ́ mi 7 fọwọ́ sí i. Wọn ò gba olùpèsè mi. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́rin, olùpèsè àtijọ́ fi owó tirẹ̀ wálẹ̀ fún gbogbo wa, ó kù díẹ̀ kó bá iye tí mo mú lọ dọ́gba. Olùpèsè tuntun tí mo ti dà láàmú nìkan ni kò rí nǹkan kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò burú, àmọ́ kò gbé ìpè mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, èmi ni mo ń ṣe àwọn ife àti páálí. Onílé oúnjẹ kan ní òun máa mú mi wọlé sí ilé-iṣẹ́ tóun ń lo orúkọ wọn, pé kí n tètè ra ẹ̀rọ tó lè tẹ àmì wọn sára páálí, torí tí wọ́n bá ti gbà mí, iṣẹ́ á pọ̀. Mo ti fẹ́ yá owó. Ṣé kí n yá a? Èmi ni, Aṣepáálí.

ÌDÁHÙN: Ẹ má yá kọ́bọ̀. Onílé oúnjẹ yẹn ò lágbára láti mú yín wọlé. Ó lè bẹ̀bẹ̀ fún yín ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tójú bíi tirẹ̀ ń rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà yín, ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lè ra ọjà yín. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni máa rà á. Mo mọ olùpèsè mẹ́ta tí orúkọ wọn wà lórí àkọsílẹ̀ wa fún ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ò ra páálí kan lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tẹ àmì wọn sára nǹkan kan, ẹyọ kan péré fún àpẹẹrẹ pàápàá, láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àmì náà. Àwọn páálí funfun ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ẹ̀rọ, ẹ béèrè iye páálí tí wọ́n máa rà lọ́dún kìíní, kí ó wà nínú àdéhùn, kí ẹ tó lọ sí báǹkì. Ẹni tí kò bá lè kọ iye kan sílẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó lọ ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n gba olùpèsè mi ní ọdún tó kọjá, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lóṣù tó kọjá wọ́n kọ̀wé pé wọ́n ti yọ ọ́, kí n dá rírà dúró láàárín ọjọ́ 30. Wọn ò sọ ìdí. Olùpèsè náà ní òun ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni, Ó Yà Mí Lẹ́nu.

ÌDÁHÙN: Ẹ bi í bóyá ó pààrọ̀ ìyẹ̀fun, òróró, tàbí ilé tó ti ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á. Nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí irú èyí kọjá lọ́wọ́ mi, nǹkan kan ti yí padà tí olùpèsè kò kà sí, kò sì kọ̀wé sọ ọ́. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni ọjà tí wọ́n yẹ̀ wò, láti ilé tí wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó fi àpẹẹrẹ tuntun ránṣẹ́, kó sì ní kí wọ́n wá yẹ òun wò lẹ́ẹ̀kan sí i; ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà. Ní tiyín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì tún wo bí àdéhùn yín ṣe ní kí wọ́n máa gba àṣẹ padà. Títí tí èsì yóò fi dé, ẹ ka iye páálí tó kù nílẹ̀ lónìí, ẹ pín in sí iye ọjọ́ tó ṣẹ́ kù nínú 30 yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ó ku ẹyọ kan lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n.